Láti Ìdí Abẹ́rẹ́: Ìtàn Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta

Kò sí ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá, ìbáà ṣe ìlú ńlá bí Ìbàdàn, ìbáà sì ṣe ìlú bí Ìkòyí tí ó wà nítòsí Ìkirè àti Àpòmù, tí ènìyàn kò ní bá ẹgbẹ́ obìnrin kan tàbí òmíràn níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wà, ẹgbẹ́ àwọn tí ó jọ ń dá èésú sì wà pẹ̀lú. Bí ọjọ́ ọdún bá pé, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn yóò wọ̀ jáde, tí wọn yóò máa jó, tí wọn yóò sì máa yọ̀. Nígbà púpọ̀, aṣọ yìí nìkan ni ará ìta ń rí. A kì í sábà béèrè ohun tí ó kó irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ jọ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, tàbí ibi tí ìkójọ wọn lè gbé wọn dé. Ẹgbẹ́ tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìdí abẹ́rẹ́ àti òwú, láàrin ìwọ̀nba obìnrin tí ó mọ̀wé ní Abẹ́òkúta. Kí ó tó pé ogún ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, ọba ìlú ti kó kúrò ní ààfin nítorí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni ó mú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wọ ilẹ̀ Yorùbá. Kí wọ́n tó dé ni àwọn ọkùnrin ti ń fi abẹ́rẹ́ rán agbádá àti gbárìyẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn àti àyà aṣọ náà. Ní ti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, iṣẹ́ adìrẹ ni a fi mọ̀ wọ́n, abẹ́rẹ́ sì wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Èyí tí a ń pè ní adìrẹ alábẹ́rẹ́, ńṣe ni wọn a fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ funfun ní ìránpọ̀ tí ó le dan-in dan-in, kí wọ́n tó rì í sínú ìkòkò aró. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ jáde, tí wọ́n sá a gbẹ, wọn a tú okùn náà, ibi gbogbo tí ìránpọ̀ ti dì mọ́ra kò sì ní mu aró. Funfun ni yóò hàn láàrin dúdú. Obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí B a máa ṣe iṣẹ́ yìí láìsí àṣìṣe kan. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbà tí a bá dé ibi tí àwọn kan ti rò pé àwọn nìkan ni ó mọ abẹ́rẹ́ lò.

Ohun tí àwọn ajíhìnrere mú wá yàtọ̀. Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní 1843. Ní 1846 ni òun àti Samuel Àjàyí Crowther padà wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ní 1853, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Ní ilé ìwé àwọn ajíhìnrere wọ̀nyí, ìwé kíkà àti aṣọ rírán ni wọ́n jọ fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin, títí ìránṣọ fi di ọ̀kan nínú àmì tí a fi ń mọ obìnrin tí ó kàwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n mú àṣà kan wá tí ó ti pẹ́ ní ìjọ wọn lókè òkun, èyíinì ni pé kí àwọn obìnrin máa péjọ ní ọjọ́ kan pàtó láti rán aṣọ fún aláìní. Inú Bíbélì ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀, nínú ìtàn Tàbítà ará Jópà, tí a tún ń pè ní Dọ́káàsì, ẹni tí àwọn opó ń sunkún rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ẹ̀wù tí ó rán fún wọn han Pétérù. Àṣà yìí kò sì mọ sí ìjọ kan ṣoṣo. Àwọn Mennonite, ìjọ Kristẹni kan tí ó kọ ogun jíjà sílẹ̀ pátápátá, ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn obìnrin wọn a máa rán aṣọ, wọn a sì máa to wẹ́wẹ́ aṣọ pọ̀ di kúbùsù. Láti 1920, nígbà tí àwọn Mennonite dá ẹgbẹ́ ìrànwọ́ kan sílẹ̀ nítorí ìyàn tí ó mú ní Rọ́ṣíà, aṣọ tí ó ti ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí wá ti bo ìhòòhò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí.

Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú àwọn tí ogun lé kúrò ní ilé. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá sá dé abẹ́ òkúta Olúmọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni àwọn Òwu bá wọn níbẹ̀. Ọjà Àpòmù gan-an ni ìjà tí ó tú ìlú Òwu ká ti bẹ̀rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ataare tí kò ju ogójì owó ẹyọ lọ gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti wí. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ni ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta jẹ́ fún ará Ìkòyí tàbí Ìkirè. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni àwọn Sàró dé, àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì ti gbé ní Sàró. Àwọn wọ̀nyí ti mọ ìwé, wọ́n ti gba ìgbàgbọ́, wọ́n sì ti ń wọ aṣọ bí òyìnbó.

Láàrin àwọn ìran bẹ́ẹ̀ ni a bí Fúnmiláyọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, 1900. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ. Ní 1914 ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Abẹ́òkúta, èyí tí ó ti jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tẹ́lẹ̀. Ní 1919 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kàwé níbẹ̀ di 1922. Nígbà tí ó padà, ó pa orúkọ òyìnbó tí a sọ ọ́ tì, ó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Ní 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1932 a gbé ọkọ rẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta láti máa ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìyàwó rẹ̀ ti jáde.

Ní ọdún náà ni a dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyáàfin Abẹ́òkúta sílẹ̀. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: ìyàwó àlùfáà, ìyàwó tíṣà, àwọn olùkọ́ obìnrin, àti àwọn oníṣòwò tí ó ti kàwé díẹ̀. Onígbàgbọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bá péjọ, wọn a rán aṣọ, wọn a kọ́ oúnjẹ sísè àti bí a ti ń ṣe àsè fún àlejò, wọn a jíròrò lórí ìtọ́jú ilé àti ọmọ, wọn a sì ṣe ìtọrẹ àánú fún àwọn tí kò ní.

Kò sí ohun tí ó burú nínú gbogbo èyí. Ẹni tí a fún ní aṣọ nígbà tí òtútù ń mú un kò ní béèrè ẹni tí ó rán an. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí àwọn ìyáàfin wọ̀nyí kò tètè rí. Ní Abẹ́òkúta ìgbà náà, aṣọ ni a fi ń pín àwọn obìnrin sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí ó kàwé ń wọ kàbà bí ti òyìnbó, a sì ń pè wọ́n ní oníkàba. Àwọn yòókù, tí wọ́n jẹ́ ọlọ́jà, aláró, àti àgbẹ̀, ń ró ìró, a sì ń pè wọ́n ní aróṣọ. Aṣọ ni à ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Oníkàba ni ó ń fúnni, aróṣọ ni ó ń gbà. Wọn kì í jọ jókòó pọ̀ láti bi ara wọn léèrè ohun tí ó ń dun ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é lọ, ẹgbẹ́ náà ìbá ti kú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti kú, ẹnikẹ́ni kì bá sì rántí rẹ̀ lónìí.

Ohun tí ó yí i padà kò tóbi lójú. Ọ̀rẹ́ Ìyáàfin Ransome-Kuti kan, tí kò mọ̀wé, wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ òun bí a ti ń kàwé. Kò tọrọ aṣọ, kò sì tọrọ owó. Ẹ̀bẹ̀ yìí ni ó mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé ní nǹkan bí 1940 ó lé díẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n ti ń tajà láti òwúrọ̀ a wá jókòó pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́, ọwọ́ wọn a máa gbọ̀n lórí lẹ́tà bí ọwọ́ ọmọdé. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ ọmọ kékeré ní Aké nígbà náà, tí ìyá rẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́ náà, sọ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1981 bí òun pàápàá ti ń bá wọn kọ́ni tí òun sì ń jíṣẹ́ fún wọn.

Ẹni tí a bá ń kọ́ ní ìwé kì í dákẹ́. Bí ẹ̀kọ́ ti ń lọ, ni àwọn obìnrin ọjà wọ̀nyí ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ìjọba ń wá oúnjẹ fún àwọn sọ́jà, wọ́n sì ti dá iye tí a gbọ́dọ̀ máa ta ọjà. Àwọn aṣojú ìjọba a máa dá àwọn obìnrin tí ó ru ìrẹsì dúró, wọn a sì gba ẹrù lórí wọn, bóyá ní iye tí kò tó nǹkan, bóyá láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ìyáàfin tí wọ́n ti ń rò pé aṣọ ni aláìní ń fẹ́ wá gbọ́ lẹ́nu aláìní náà pé bí a kò bá gba ìrẹsì òun, òun lè ra aṣọ fúnra òun. Láti ìgbà yìí ni abẹ́rẹ́ ti bọ́ sí ipò kejì. Ní 1944 ẹgbẹ́ náà gbé ẹjọ́ ìrẹsì dìde. Wọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn, a sì dẹ́kun gbígba ìrẹsì àwọn obìnrin.

Ìṣẹ́gun yìí ṣí ojú wọn sí ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ú lọ, èyíinì ni owó orí. Ní 1918 ni owó orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà nítorí rẹ̀ àti nítorí iṣẹ́ àfipáṣe, ẹ̀mí púpọ̀ sì lọ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin ni ó ń san owó orí. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń dá tirẹ̀ san lọ́tọ̀. Ṣílè márùn-ún ni ti ọkùnrin ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣílè méjì ààbọ̀ ni ti obìnrin. Ọmọbìnrin a bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15, ó sì ń ṣáájú ọmọkùnrin. Àwọn agbowó-orí a máa wọlé onílé, wọn a máa lé obìnrin kiri, àwọn obìnrin náà sì fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò láti mọ̀ bí ó bá ti dàgbà tó ẹni tí ń san owó orí. Ẹni tí ó bá ní ọmọbìnrin yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí lára. Ẹgbẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti fi aṣọ bo ara ènìyàn kò lè gbọ́ irú èyí kí ó máa rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹta 1946, wọ́n pa orúkọ àtijọ́ tì. Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyáàfin di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Kì í ṣe orúkọ lásán ni wọ́n yí padà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ́ obìnrin lè wọ ẹgbẹ́ náà, ìbáà mọ̀wé, ìbáà má mọ̀wé. Ìyáàfin Ransome-Kuti, tí gbogbo ènìyàn ti ń pè ní Béèrè, bọ́ kàbà sílẹ̀. Ìró, bùbá àti gèlè ni ó kù tí ó ń wọ̀, ó sì rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìyàtọ̀ àárín oníkàba àti aróṣọ lè tán. Yorùbá ni ó ń sọ ní ìpàdé. Bí òyìnbó bá wà níbẹ̀, Yorùbá náà ni yóò sọ. Kí òyìnbó wá ògbufọ̀. A ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń san owó ẹgbẹ́ tó 20,000. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá fojú sí ni okùn ń tọ̀.

Àwọn obìnrin náà kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí a ṣírò owó ìlú, kí gbogbo ènìyàn mọ ọ̀nà tí ó ń gbà. Wọ́n ní kí a mú owó orí kúrò lórí obìnrin. Wọ́n sì ní kí obìnrin ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin ìlú. Èsì tí wọ́n rí gbà kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Béèrè kọ̀ láti san owó orí tirẹ̀, a sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà tí àwọn aláṣẹ kò fún wọn ní àyè láti wọ́de, wọ́n ní kò sí ìwọ́de níbẹ̀, ìgbafẹ́ ni àwọn ń lọ. Ní ìpàdé wọn ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọn yóò ti dáàbò bo ojú àti imú wọn bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú sí wọn, àti bí a ti í mú agolo rẹ̀ tí a sì í jù ú padà sí ẹni tí ó jù ú. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 yí ààfin Aké ká, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n ń kọrin. Ní oṣù kejìlá wọ́n tún padà. Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ni Aláké nígbà náà. Ó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1920. Ó tọ́ kí a sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé kì í ṣe Aláké nìkan ni ó dá owó orí náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi gbogbo àṣẹ lé ọba kan ṣoṣo lọ́wọ́, tí wọ́n sì gba agbára lọ́wọ́ àwọn ìjòyè tí ó ń bá a dá ọ̀ràn ìlú rò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nítòsí ni a ń rí bá wí, òyìnbó kò sì gbé ní ààfin Aké. Ní oṣù keje 1948, Aláké fi Abẹ́òkúta sílẹ̀, ó lọ ń gbé ní Òṣogbo. Ní oṣù kìíní 1949, ó kọ̀wé pé òun fi ìtẹ́ sílẹ̀. Owó orí obìnrin kúrò nílẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú, Béèrè wà lára wọn. Ní 1950 a mú ọba náà padà wá sí ààfin rẹ̀, ó sì jọba títí ó fi wàjà ní 1962. Kò wu ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kí ó padà, ṣùgbọ́n wọn kò dá owó orí tí a ti mú kúrò padà sí orí wọn mọ́ ní ìgbà náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà kò tán pátápátá nínú ìjà yìí. Ẹ̀kọ́ àgbà ń lọ. Wọ́n ní ibi tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ fún títà, àti ibi ìtọ́jú aboyún àti ọmọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tí ó ń ṣe é àti àwọn tí a ń ṣe é fún ti di ọ̀kan náà. Ní 1949 wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo Nàìjíríà, ẹ̀ka rẹ̀ sì tàn kọjá ilẹ̀ Yorùbá.

Ní oṣù kejì 1977, àwọn sọ́jà ya wọ ilé Fẹlá ọmọ Béèrè ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà jáde láti ojú fèrèsé. Kò gbádùn mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, 1978. Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín ní Abẹ́òkúta, ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tẹ̀lé pósí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin ọjà ti ìsọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, ọjà sì dá káàkiri ìlú.